Iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti etí gbígbọ́ láti ilé: ṣé òótọ́ ni àbí gbájúẹ̀ ni?

Àdìó_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, kí ẹni tí kò bá kàn fojú fò ó.

Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti kàwé, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti etí gbígbọ́ ni mo fi gba oyè kejì. Mo ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MRTB, ìgbìmọ̀ ìjọba tí àwa àti àwọn physio jọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti wà ní kílíníìkì aládàáni kan. Owó oṣù náà dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ tí mo bá ti sanwó ilé, tí mo ra epo sí ọkọ̀, ó ti tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tí a jọ kàwé fi ìkéde kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ń wá speech therapist, olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, tí yóò máa ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀, ibi yòówù kó wà láyé, dọ́là ni wọn ó máa san. Mo kọ̀wé sí wọn. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi dá mi lóhùn pé wọ́n ti gbà mí, kí n ṣáà kọ́kọ́ fi dọ́là 150 ránṣẹ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa iṣẹ́. Ibẹ̀ lara ti fu mí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ń gbọ́ pé àwọn kan nínú àwọn tí a jọ jáde, tí wọ́n ti jápa, ń jókòó sí pálọ̀ wọn tí wọ́n ń tọ́jú ọmọdé lórí fídíò. Èmi ò tíì fẹ́ jápa, màmá mi ò ní ẹlòmíì nílé. Ṣé èèyàn lè ṣe é láti Mọ́kọ́lá? Ọ̀rọ̀ sísọ ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ mo mọ ìdánwò etí ṣe dáadáa.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́ · 8:20 alẹ́

Ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ tó tún ní kí o wá sanwó, ta ni ọ̀gá nínú ẹ̀yin méjèèjì? Tilẹ̀kùn mọ́ wọn, jàre.

Ìyá_Ìbejì_Leeds · 9:47 alẹ́

Àdìó, o ṣé tí o ò san dọ́là yẹn. Iṣẹ́ kan náà lèmi náà ń ṣe níbí ní England, ọdún kọkànlá rèé. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo fi ń ṣe é láti ilé, ọjọ́ yòókù mo máa ń yípo ilé-ẹ̀kọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ wà.

Ohun tí àwọn gbájúẹ̀ ò ní sọ fún ọ ni pé ibi tí aláìsàn jókòó sí ni láísẹ́ǹsì ń tẹ̀lé. Bí ọmọ bá wà ní Leeds, òfin tó de Leeds ló de ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ìbáà jẹ́ orí òkè Olúmọ ni onítọ̀hún ti ń bá a sọ̀rọ̀.

HCPC, ìgbìmọ̀ tó dà bíi MRTB yín, ló ń forúkọ wa sílẹ̀ níbí. Orúkọ iṣẹ́ náà gan-an, òfin ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní speech and language therapist níbí tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé wọn ti rúfin. Ẹni tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè lè kọ̀wé sí wọn, wọ́n á yẹ ohun tó kọ́ àti bó ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú aláìsàn wò fínnífínní. Tó bá kan IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, 8.0 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwa, apá kankan ò sì gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀ 7.5. Àwọn physio, 7.0 ti tó fún wọn. Inú bí mi nígbà yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ṣáájú mi dé ibí ló ní, "Èdè ni ọkọ́ àti àdá yín, ṣé kí wọ́n má wo ẹnu rẹ̀ ni?" Mo dákẹ́.

Ohun tí mo ń ṣe láti ilé kì í ṣe gbogbo nǹkan o. Ọmọ tó ń kólòlò, bẹ́ẹ̀ ni. Àgbàlagbà tí ohùn rẹ̀ ń há, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹnì kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tí kò lè jókòó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ni mo máa ń kọ́ lórí fídíò, ìyá á sì lọ máa bá ọmọ ṣeré bí mo ṣe kọ́ ọ. Ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun ni mi ò kì í fẹ́ gbà lórí fídíò. Bí omi bá gba ọ̀nà òdì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ni màá nà láti inú kọ̀ǹpútà gbá a lẹ́yìn?

Arẹ̀mú_Houston · 11:05 alẹ́

Màmá Ìbejì ti sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Amẹ́ríkà kún un, torí ibẹ̀ ni ìkéde dọ́là yẹn máa ń sọ pé òun ti wá.

Etí ni iṣẹ́ tèmi. Kí èèyàn tó lè di audiologist, olùtọ́jú etí, níbí lónìí, oyè ọ̀mọ̀wé ni, AuD. Ti ọ̀rọ̀ sísọ, oyè kejì ti tó, àmọ́ ASHA, ẹgbẹ́ wa níbí, ń béèrè wákàtí 400 tí akẹ́kọ̀ọ́ fi wà pẹ̀lú aláìsàn, 25 fún wíwòran, 375 fún ṣíṣe. Lẹ́yìn náà, ìdánwò Praxis, kí o tó wá ṣiṣẹ́ abẹ́ ọ̀gá fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 36, wákàtí 1,260. Gbogbo ìyẹn, sátífíkéètì ẹgbẹ́ ni. Láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ tún lọ́tọ̀. Èmi tí mo wà ní Texas, mi ò lè déédéé tan kámẹ́rà kí n máa tọ́jú ẹni tó wà ní Louisiana, bẹ́ẹ̀ ibùsọ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wa. Àwọn ìpínlẹ̀ ti dá àdéhùn kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ASLP-IC láti tú ìdè yìí. Ọdún 2021 ni wọ́n pé mẹ́wàá tó fi fẹsẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ìgbín ló fi ń rìn láti ìgbà náà.

Ti owó wá ńkọ́? Medicare tó ń sanwó ìtọ́jú fún àwọn arúgbó kì í sanwó fún ìtọ́jú tí wọ́n ṣe láti òde Amẹ́ríkà. Nítorí náà, kódà ọmọ Amẹ́ríkà tó ní láísẹ́ǹsì pé pérépéré, tó bá lọ lo oṣù mẹ́ta ní Ìbàdàn, apá kan iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró nìyẹn.

Ẹgbẹ́ wa àti ti Britain, Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand àti Ireland ní àdéhùn láti ka sátífíkéètì ọ̀rọ̀ sísọ ara wọn sí. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Mi ò sọ èyí láti já ọ kulẹ̀, àbúrò.

Àdìó_Mọ́kọ́lá · 11:31 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ká sọ òtítọ́, ó rẹ̀ mí lọ́kàn.

Àǹtí_Etí_Sùúrùlérè · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Kí ló dé tí gbogbo yín ń wo òkè òkun bíi pé kò sí aláìsàn ní Nàìjíríà?

Láti ọdún 2022 ni mo ti ń ṣe ìdánwò etí fún àwọn ará ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn láìkúrò ní Èkó. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí mo kọ́ níṣẹ́. Á fi ẹ̀rọ kékeré tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wo inú etí, àwòrán rẹ̀ á yọ sí mi lójú kọ̀ǹpútà. Bí ìdọ̀tí bá dí ihò etí, a ò ní ṣe ìdánwò lọ́jọ́ yẹn. Bó bá mọ́, á dé ẹ̀rọ agbóhùn mọ́ aláìsàn létí, èyí tó nípọn tó ń dí ariwo ìta, wọ́n so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù. Èmi ni mo ń darí láptọ́ọ̀pù yẹn láti Sùúrùlérè. Màá tẹ ohùn 1,000 Hz (Hz ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ tó), màá rọra máa dín agbára rẹ̀ kù, aláìsàn á máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti ń gbọ́, títí tí kò fi ní gbọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi fún yín. Lọ́jọ́ kan mo dán ẹni mẹ́sàn-án wò, gbogbo wọn ló dà bíi pé ohùn ìsàlẹ̀, 250 àti 500, ti fò wọ́n létí, bẹ́ẹ̀ 2,000 àti 4,000 wọn dára. Mo ti kọ sínú ìwé mẹ́rin pé kí dókítà wo etí wọn láti inú kí ojú mi tó là. Mo ní kí nọ́ọ̀sì gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé. Jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń lọ ata ló ń kùn nídìí ògiri! Ariwo jẹnẹrétọ̀, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, ohùn tó bá jọ ọ́ ló sì ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ mi ní iná pupa tó ń kìlọ̀ bí ariwo bá pọ̀. Nọ́ọ̀sì rí i, ó rò pé bátìrì ló ń sọ. A pe gbogbo wọn padà, àpò mi ni owó ọkọ̀ wọn sì ti jáde.

Àwọn ará South Africa ló ṣáájú wa nínú èyí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ KUDUwave ti wá, tí kò nílò yàrá aláìgbariwo. Yunifásítì Pretoria náà ni ìdánwò etí orí fóònù hearX ti hù jáde. Ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé ọdún 2021 sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 430 ni etí wọn ti bàjẹ́ dé ibi tó yẹ kí wọ́n gba ìtọ́jú. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ò tán?

Arẹ̀mú_Houston · 7:15 àárọ̀

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ẹ máa sọ fún wọn pé ìdánwò orí fóònù yàtọ̀ sí ìdánwò gidi. Ó lè sọ pé "lọ rí dókítà", kò lè sọ ohun tó ń ṣe etí. Àwòṣe inú etí fún ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un, kò sí fídíò tó lè da nǹkan rírọ̀ yẹn sí ihò etí ẹni.

Àǹtí_Etí_Sùúrùlérè · 7:22 àárọ̀

Ta ló bá ọ jiyàn? Tí mo bá ti wọ ẹ̀rọ fún èèyàn lójúkojú lẹ́ẹ̀kan, kí ló kù tí mi ò lè ṣe láti ọ̀nà jíjìn? "Àǹtí, ṣíbí ń han mí létí." Màá tún un ṣe láti orí fóònù rẹ̀, kò ní wọ mọ́tò wá sí Èkó torí ariwo ṣíbí.

Arẹ̀mú_Houston · 7:30 àárọ̀

Mo túúbá. Ìyẹn gan-an lọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe láti ilé níbí báyìí. Láti oṣù kẹwàá 2022 ni àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ò bàjẹ́ jù ti lè ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ní ṣọ́ọ̀bù níbí láìrí ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n rà á tán, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n á wá máa pè wá lórí fóònù. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ń gba audiologist síṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn kílíníìkì lórí fídíò.

Ṣadé_Ọ̀rọ̀ · 12:03 ọ̀sán

Ẹ dákun, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọdún kejì. Ṣé iṣẹ́ wà tí kò nílò láísẹ́ǹsì?

Ìyá_Ìbejì_Leeds · 12:40 ọ̀sán

Wà, ọmọ mi. Títẹ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde, fífi ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò, bíbá àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti gbọ́ Yorùbá ṣàyẹ̀wò ohùn. Àmọ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Parí ìwé rẹ kọ́kọ́.

Bàbá_Tolú_Peckham · 6:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mi ò sí nínú iṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ títọ́jú aláìsàn láti ọ̀nà jíjìn yìí ló mú mi wọlé.

Ọmọ mi ti pé mẹ́rin. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ọmọdé ní kí a má sọ Yorùbá sí i mọ́, pé èdè méjì ló ń da ọpọlọ rẹ̀ rú. A gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀ sí i, Yorùbá ti lọ. Tí màmá mi bá pè láti Abẹ́òkúta, ọmọ á kàn máa wo fóònù. Màmá á ní, "Ṣé ó ń bínú sí mi ni?"

Ṣé kò sí ẹni tó lè wò ó ní Yorùbá? Mo ṣetán láti sanwó.

Ìyá_Ìbejì_Leeds · 6:55 ìrọ̀lẹ́

Bàbá Tolú, ẹ jọ̀ọ́, alẹ́ òní ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ Yorùbá padà. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín ò dára. Èdè méjì kì í fa kí ọmọ má sọ̀rọ̀. Bí ìṣòro bá wà, yóò hàn nínú èdè méjèèjì. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń ni í lára, ìyẹn fi hàn pé ọmọ ṣì ń kọ́ ọ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ wo méjèèjì, òun náà sì ni ẹgbẹ́ wa, RCSLT, ń tẹnu mọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn àwòrán tí a fi ń dán ọmọ wò, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ pé ọmọ Yorùbá kan ní àbùkù torí pé "t" ló ń pe nínú "three", àti "f" nínú "van". Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni! Yorùbá ò ní "v", kò ní "th". Àmọ́ bí ọmọ ọdún mẹ́rin bá ń pe "gbá" ní "bá" tí ó sì ń gbàgbé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, èmi á fẹ́ mọ̀, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ò sì lè sọ ìyẹn fún mi láéláé.

Ẹ ní kí dókítà yín fi yín ránṣẹ́ sí speech therapist, kí ẹ sì béèrè fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò bá a jókòó. Wọ́n ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò pọn dandan kó jẹ́ therapist fúnra rẹ̀. Kí wọ́n dán etí ọmọ wò náà o, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun.

Àdìó_Mọ́kọ́lá · 7:20 alẹ́

Màmá, ṣé èèyàn lè ṣe "ẹni tó gbọ́ Yorùbá" yẹn láti ibí?

Ìyá_Ìbejì_Leeds · 7:34 alẹ́

Ó ṣeé ṣe, bó bá jẹ́ pé therapist tó forúkọ sílẹ̀ níbí ló ni aláìsàn, tí ìwọ ń gbọ́ ohun tí ọmọ sọ tí o ń ṣàlàyé rẹ̀ fún un. O ò gbọdọ̀ pe ara rẹ ní ohun tí o ò jẹ́ níbí. Owó rẹ̀ ò pọ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Àǹtí_Etí_Sùúrùlérè · 8:02 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ohùn òkè ohùn ìsàlẹ̀ tí Màmá sọ yẹn, mo fẹ́ fi nǹkan kún un, torí ó ń ṣe mí bíi pé àwa fúnra wa ò mọ iye ohun tó wà lọ́wọ́ wa.

Arúgbó tí etí rẹ̀ ń lọ, ohùn tó ga ló kọ́kọ́ ń kúrò. Nínú ọ̀rọ̀ wa, àmì ohùn, ìsàlẹ̀ ló wà. "S", "ṣ" àti "f" ló wà lókè. Nítorí náà bàbá yẹn ṣì ń gbọ́ pé ohùn ń lọ sókè ó ń bọ̀ wálẹ̀, àmọ́ kò gbọ́ ohun tí ohùn náà gùn lé. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ń fi gángan bá sọ̀rọ̀ tí kò mọ ohun tí àyàn ń sọ. Bàbá kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ní kó "ṣọ́ àwo yẹn" kó tó ti ọjà dé. Ó gbọ́ "fọ́ àwo yẹn". Ó bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọ́ ọ.

Àwọn ọmọ wọn ní Bàbá ti ń ṣarán. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, ó gbìyànjú. Mo to ọ̀rọ̀ Yorùbá tí àmì ohùn wọn jọra, "fọ́, ṣọ́, kọ́, tọ́", ló bá hàn gbangba ibi tó ti ń kùnà. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá tó lè to irú ọ̀rọ̀ yẹn, bó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n tó.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́ · 8:10 alẹ́

Bàbá ò jẹ̀bi o. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì!

Bàbá_Tolú_Peckham · 9:26 alẹ́

Ẹ ṣeun, Màmá Ìbejì. Ìyàwó mi ń sunkún bí mo ṣe ń kà á fún un. A ti bẹ̀rẹ̀ Yorùbá padà lálẹ́ yìí.

Kí n tó lọ: ẹ̀yin ń sọ pé ibi tí aláìsàn jókòó sí ni òfin ń tẹ̀lé. Bàbá mi ní Abẹ́òkúta, rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n lọ́dún tó kọjá. Ẹsẹ̀ ti ń gbé e, physio ń wá sílé. Ọ̀rọ̀ ni ò jáde. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, ẹnu á kọ̀, wọ́n á wá bínú. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ìtọ́jú wà fún ìyẹn. Ṣé wà?

Àdìó_Mọ́kọ́lá · 9:29 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ṣé apá ọ̀tún Bàbá ló kú?

Bàbá_Tolú_Peckham · 9:30 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Báwo lo ṣe mọ̀?

Àdìó_Mọ́kọ́lá · 9:41 alẹ́

Apá òsì ọpọlọ ló sábà máa ń darí ọ̀rọ̀, òun náà ló ń darí apá ọ̀tún ara. Ìtọ́jú wà, sà. Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣe é. Abẹ́òkúta ò jìnnà, mo lè wá wò wọ́n lójúkojú lẹ́ẹ̀kan, ká wá máa ṣe ìyókù lórí fídíò bí ẹnì kan bá wà nílé tó lè gbé fóònù dúró.

Arẹ̀mú_Houston · 10:02 alẹ́

Ẹ wò ó! Aláìsàn ní Abẹ́òkúta, owó ní Peckham, Àdìó ní Mọ́kọ́lá, láísẹ́ǹsì rẹ̀ sì wúlò níbi tí Bàbá jókòó sí. Mélòó nínú àwa tí a wà níta ló ní bàbá tàbí màmá nílé tí ọ̀rọ̀ ń há lẹ́nu, tí etí wọn ń lọ? Èmi gan-an ní ọ̀kan ní Ìlá Ọ̀ràngún.

Àbúrò, kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa: ta ló ń sanwó, ta ló gbà láti wà lórí fídíò, ibo lo ń kó ohùn tí o gbà sílẹ̀ sí. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 wà ní Nàìjíríà, má fi fídíò Bàbá ṣe ìpolówó.

Àǹtí_Etí_Sùúrùlérè · 10:15 alẹ́

Kí o sì yẹ etí Bàbá wò kí o tó sọ pé ọpọlọ nìkan ni.

Ìyá_Ìbejì_Leeds · 10:33 alẹ́

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì. Jẹ́ kí iná wà níwájú rẹ, kì í ṣe lẹ́yìn, kí wọ́n lè rí ètè rẹ. Tó bá jẹ́ Zoom lò ń lò, pa ohun tó ń gé ariwo níbẹ̀. Tí aláìsàn bá fa "ààà" gùn, Zoom á rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ni, á gé e. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rò pé ohùn obìnrin kan ń já, Zoom ló ń já a.

Alábòójútó · Ọjọ́rú, 9:00 àárọ̀

Ẹ má ṣe kọ orúkọ iléeṣẹ́ dọ́là 150 yẹn síbí, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. A ti kan ìjíròrò yìí mọ́ òkè.

Àdìó_Mọ́kọ́lá · Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bàbá Tolú ní kí n sọ bó ṣe ń lọ fún yín. Bàbá fúnra wọn náà mi orí pé kí n sọ ọ́.

Mo lọ sí Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kan, a ti ṣe mẹ́rin lórí fídíò. Àǹtí, etí wọn dára fún ọjọ́ orí wọn. Ẹgbẹ̀rún 15 náírà fún ìṣẹ́jú 45 ni a fi àdéhùn sí. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Manchester ti pè mí nípa màmá rẹ̀ ní Òǹdó, ọmọ Ìlá tí ẹ mọ̀ náà sì ti ránṣẹ́. Mi ò tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní kílíníìkì, alẹ́ àti Àbámẹ́ta ni mo fi ń ṣe èyí.

Àná, NEPA mú iná lọ láàárín, ọmọ-ọmọ wọn tó ń gbé fóònù tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú títí mo fi ní kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé àwòrán síbí, sọ́hùn-ún. Ọ̀bẹ, wọn ò lè pè é. Omi, wọn ò lè pè é. Wọ́n gbá orí ibùsùn. Ìyá tó jókòó sẹ́yìn ni ò lè mú un mọ́ra mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki Bàbá ní oríkì. Mo fẹ́ ní kí wọ́n dákẹ́, ara mi sọ fún mi pé kí n dúró. Nígbà tí Ìyá dánu dúró láti mí, Bàbá gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n sì kì í dé òpin ìlà náà. Kò há, kò gé.

Mo wá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Wọ́n la ẹnu, kò jáde. Mo ní ká jọ kà á. Mo bẹ̀rẹ̀, "Ení…" Wọ́n gbà á, "…èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin." Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n gbé ìka mẹ́rin sókè níwájú kámẹ́rà, wọ́n wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, láìsí pé mo bẹ̀rẹ̀ fún wọn: "Mẹ́rin."

Bàbá_Tolú_Peckham · 6:04 ìrọ̀lẹ́

Èmi ni ẹ̀kẹrin.